Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti ti Ibojì Rẹ̀

Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ ilé ìsìn àkọ́kọ́ ní ìlú Ifẹ̀wàrà yìí ti sùn tipẹ́tipẹ́, àwọn tí ó sì gbọ́ ohùn wọn kò ju ìba díẹ̀ lọ mọ́ láàárín wa. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjọ wa ti di àgbà, ó sì yẹ kí ó wo ẹ̀yìn. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ pàṣẹ pé kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan nínú àwọn baba ìgbàgbọ́ sínú ìwé ìrántí yìí, a kò ronú pẹ́ kí a tó yan Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. A kò kà á mọ́ àwọn tí ó dá ìjọ Ifẹ̀wàrà sílẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí Ọjọ́ Ìsinmi kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí àga ìkàwé wa.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ owó ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn òṣómààló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi pé, mọ owó í wò. Ní ìgbà tí owó ẹyọ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣílè fàdákà ti àwọn òyìnbó ti wọ ilẹ̀ wa láti ẹ̀bá òkun, orí Ọbabìnrin Victoria sì wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà á ń wo orí náà dáadáa kí a má bàa fi ayédèrú owó tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí ó bèèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ orí náà sára irin tí a fi ń tẹ owó? William Wyon ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1851, a sì sin ín sí itẹ́ òkú West Norwood ní ìlú London. Iṣẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ àìmọye ènìyàn káàkiri ayé, orúkọ rẹ̀ kò sì dé etí wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ẹni tí ó gbẹ́ lẹ́tà fún èdè Yorùbá. Ojoojúmọ́ ni a ń ná owó rẹ̀. A ń kàwé, a ń kọ lẹ́tà sí ọmọ wa ní òkèèrè, a ń gbàdúrà láti inú Ìwé Àdúrà, a kò sì rántí ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Ìtàn rẹ̀ nìyí, àti ìtàn ibi tí a tẹ́ ẹ sí, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa ará Ifẹ̀wàrà.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI BÍ A TI KÓ O LẸ́RÚ

Ní ìlú Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo Yorùbá ti mọ̀, ẹni tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń pè ní Àjàyí. Ní ìgbà náà ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́, ogun sì gba ilẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀, ogun dé sí Òṣogùn láìròtẹ́lẹ̀. Baba Àjàyí sáré wọlé láti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìyẹn ni ìgbà tí ọmọ náà rí baba rẹ̀ kẹ́yìn. A mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́. A so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, a sì fà wọ́n lọ bí ewúrẹ́. Bí wọ́n ti bojú wẹ̀yìn, èéfín ìlú wọn ni wọ́n rí.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn. Ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ olówó kan, ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni a fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà, a sì dá ọmọ ènìyàn padà bí ọjà tí kò tà. Ẹ̀yin ará, ẹ dúró kí ẹ rò ó wò. Ẹni tí yóò jókòó lórí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni a gbé lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹṣin, a sì sọ pé ẹṣin náà ni kò yẹ.

Láti ibẹ̀ ni a ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, nígbà mìíràn fún tábà àti ọtí, títí ó fi ń súnmọ́ etí òkun. Ẹ̀rù àwọn òyìnbó bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbèrò ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní àyà láti ṣe é. Ó dé Èkó, a sì tà á fún àwọn Potogí, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ tí à ń pè ní Esperança Feliz pẹ̀lú ẹrú 186 mìíràn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, kí ọkọ̀ náà tó rìn jìnnà, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon, tí Ọ̀gágun Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mú un, wọ́n sì tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró gẹ́gẹ́ bí òmìnira.

Ẹ̀KỌ́ RẸ̀ ÀTI OYÈ ÀLÙFÁÀ

Ní Sàró a fi í sí abúlé Bathurst. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti lè ka ìwé, a sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Ẹgbẹ́ Ìjíhìnrere C.M.S. Ní ọdún 1826 a mú un lọ sí Ìlú Òyìnbó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a ṣí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn orúkọ àkọ́kọ́ tí a kọ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó di tíṣà, ó sì gbé Asano níyàwó, ẹni tí a sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi rẹ̀. Obìnrin náà pẹ̀lú jẹ́ ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọlọ́run fi ọmọ jíǹkí wọn, ọ̀kan nínú wọn ni Dandeson, ẹni tí ó di Áṣídíákónì lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, Crowther sì bá Àlùfáà Schön lọ. Ìrìnàjò náà korò. Àwọn òyìnbó tí ibà pa nínú rẹ̀ lé ní ogójì. Gbogbo ènìyàn rí i pé bí a óò bá wàásù fún àwọn ènìyàn tí ń gbé etí odò náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ dúdú fúnra wọn ni yóò ṣe é, àti pé ní èdè tí ó yé àwọn olùgbọ́ ni a óò fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni Crowther fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹgbẹ́ C.M.S. pè é sí London, ó kẹ́kọ̀ọ́ síi, Bíṣọ́ọ̀bù London sì fi í joyè díákónì ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1843, àti àlùfáà ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ní ọdún náà gan-an ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Nígbà tí ó padà sí Sàró, ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú láti Ọ̀yọ́, láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀ṣà wa níhìn-ín pàápàá, gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ahọ́n ìyá wọn láti orí àga ìwàásù.

BÍ Ó TI RÍ ÌYÁ RẸ̀

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni ọkàn wọn wà, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì ju ọdún kan lọ, kí Crowther àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n dé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ni Àfàlà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí a ti fà wọ́n ya. Ìyá náà ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó sì wá, ṣùgbọ́n kò tíì gbà á gbọ́. Nígbà tí ó rí i, ó ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omi sì ń dà lójú wọn. Ọmọ tí a fi pààrọ̀ ẹṣin di àlùfáà níwájú rẹ̀. Ó rí àwọn àbúrò rẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, Àfàlà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn Sámúẹ́lì inú Bíbélì yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìyá náà dàgbà, ó darúgbó, kò sì kú títí di ọdún 1883.

IṢẸ́ RẸ̀ LÓRÍ ÈDÈ WA

Ìgbà yìí ni a ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gbẹ́ lẹ́tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí a bí sínú ìwé, ó lè ṣòro fún yín láti mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó. Ẹnì kan kò tíì fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú ẹnì kejì lórí lẹ́tà tí a óò fi kọ ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ohùn sì ni ó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí ń rìn lórí omi àti ọkọ tí ń bẹ nílé. Crowther kò jókòó sí yàrá kan kí ó máa fojú inú wo ọ̀rọ̀. Ó lọ sí ọjà, ó jókòó ti àwọn àgbà, ó fetí sí àwọn babaláwo àti àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ òkú, kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ tí ó sì yẹ ohun mímọ́. Ó kọ òwe sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1852 ni ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó tóbi jù jáde.

Ìwé Mímọ́ ni ó fi ṣe òpin gbogbo rẹ̀. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850, Ìhìnrere Lúùkù tẹ̀lé e ní ọdún 1851, àwọn ìyókù sì ń tẹ̀lé wọn díẹ̀díẹ̀. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Thomas King, ọmọ ilẹ̀ wa tí òun náà di àlùfáà, ràn án lọ́wọ́ gidigidi, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1875 a pe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ Yorùbá, Crowther sì ni alága rẹ̀. Ohun tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ lórí àmì abẹ́ lẹ́tà ni ọmọ kékeré ilé ẹ̀kọ́ wa ṣì ń kọ títí di òní. Ní ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá pé pérépéré.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ní ìdí láti rántí ọdún náà. Ní 1884, àwọn baba wa wà ní Kírìjì. Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn dojú ìbọn kọ ara wọn, ogun náà sì ti tó ọdún méje. Nígbà tí àlàáfíà dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àwọn àlùfáà Áńgílíkà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì. Bí ọ̀nà ti ń là sílẹ̀ fún ọjà ni ó ń là sílẹ̀ fún ìhìnrere pẹ̀lú. Ìwé náà ti ṣetán kí ọ̀nà tó là. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka èdè tiwa yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ń sọ̀rọ̀ tí ará Ọ̀yọ́ a máa rẹ́rìn-ín, ìwé kan náà ni gbogbo wa jọ ń kà, òun sì ni ó kọ́kọ́ mú kí a mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wá.

OYÈ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀTI ÌBÀNÚJẸ́ RẸ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Wyon tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, Crowther dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ní Windsor. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ní Èkó, ó sì ka Àdúrà Olúwa fún wọn ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1854 ó tún gòkè Odò Ọya pẹ̀lú Dókítà Baikie. Ní ìgbà yìí wọ́n ń lo oògùn kínínì, ibà kò sì pa òyìnbó kan. Ní ọdún 1857 ni òun àti Àlùfáà J. C. Taylor dá iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Onitsha.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, Ọjọ́ Pétérù Mímọ́, a fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Kátídírà Canterbury. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Yunifásítì Oxford fún un ní oyè Dókítà nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní ọdún náà. Ọ̀gágun Leeke, tí ó gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, wà nínú Kátídírà ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin tí ó kọ́ ọ ní ABD ní Sàró.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a óò sọ. Àwọn òyìnbó kan wà tí wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ olórí fún wọn, nítorí náà a kò fi Abẹ́òkúta tí ó ti ṣiṣẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Apá Odò Ọya ni a fi lé e lọ́wọ́, ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ réré, tí owó kò sì tó fún. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí omi náà, ó ń dá ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Susan ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1880.

Ní òpin ayé rẹ̀, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ dé tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, a dá àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà dúró lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí Bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Arúgbó náà dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. A kò lè sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni kò ní àbùkù. Ènìyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí àbùkù lára òun tìkára rẹ̀. Àìsàn ẹ̀gbà mú un, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó tún gbé irú oyè bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ilẹ̀ wa lọ́wọ́.

Ìjọ pẹ́ kí ó tó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti fi í joyè, a ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury sì tọrọ àforíjì nítorí bí a ti hùwà sí Àjàyí.

TI IBOJÌ RẸ̀

Itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ní Èkó ni a sin ín sí, láàárín àwọn ọmọ Sàró àti àwọn ẹni ńlá ìlú Èkó. Ó yẹ kí a rò pé ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn sí kò ní ṣí nípò. Ṣùgbọ́n ìlú ń gbòòrò, ilẹ̀ sì ń di ọ̀wọ́n, àwọn tí ó mọ òkú náà lójú sì ń kú tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba Èkó ti ìgbà náà tú itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ká, wọ́n sì lo ilẹ̀ náà fún ilé iṣẹ́ ìjọba. Òkúta ibojì púpọ̀ fọ́, orúkọ tí a gbẹ́ sára wọn sì bá wọn lọ. Àwọn tí ń kọ ìtàn Èkó kò tíì dáwọ́ àbámọ̀ dúró lórí rẹ̀, nítorí pé òkúta ibojì jẹ́ ìwé pẹ̀lú, nígbà tí ó bá sì fọ́ kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ti Bíṣọ́ọ̀bù kò sọnù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A hú egungun rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a gbé e lọ sí Kátídírà Kristi ní Marina, níbi tí a ti ṣe ibojì ìrántí fún un. Ẹni tí ó bá lọ sí Èkó lè wọlé kí ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí èyí: òkìkí ni ó gbà á là. Àwọn tí ó sùn tì í, tíṣà, oníṣòwò, ìyá ìjọ, àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé, wọn kò ní ẹni tí yóò gbé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ owó parí ti Bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin Abigail ni ó fẹ́ Àlùfáà T. B. Macaulay, tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Wọ́n bí Herbert Macaulay ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ìyá rẹ̀ joyè Bíṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa sì mọ̀ bí ó ti jà fún òmìnira ilẹ̀ wa títí ó fi kú ní ọdún 1946. Ní ọdún 1979 ìjọba Nàìjíríà tẹ àwòrán Herbert Macaulay sára náírà kan, ní ọdún 1991 a sì gbẹ́ ẹ sára náírà kan onírin. Owó náà ṣọ̀wọ́n lójú ọjà lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní in nínú àpótí kí ó mú un jáde kí ó wò ó. Ọmọ ọmọ ẹni tí a fi pààrọ̀ ẹṣin, tí a tún fi pààrọ̀ tábà, ni orí rẹ̀ wà lára owó orílẹ̀-èdè náà.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀wàrà, lẹ́yìn ilé ìsìn wa ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú ìjọ yìí sùn sí. Àwọn katikísì wà níbẹ̀ tí wọ́n gba owó oṣù tí kò tó jẹun, tí wọ́n sì ń fi ìwé ABD kọ́ àgbàlagbà ní òru lábẹ́ fìtílà. Àwọn ìyá wà níbẹ̀ tí wọ́n pọn omi tí a fi po amọ̀. Bíbélì Crowther ni gbogbo wọn gbé dání. Bí òun bá jẹ́ ẹni tí ó gbẹ́ owó náà, àwọn ni ó ná an dé ọ̀dọ̀ wa.

A kò ní fi ẹlẹ́yà bo ara wa. Koríko bo ibojì wọn. Ewúrẹ́ ń sùn lórí àwọn kan nínú wọn ní ọ̀sán, òjò sì ti fọ orúkọ àwọn mìíràn nù. A kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba kan; kò sí ẹni tí ó fi agbára wọlé tọ̀ wá. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ni a kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí pé ọdún púpọ̀ ni a fi ń kọjá níbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ìwé ìtàn lábẹ́ apá wa, a ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àwọn baba tí ó wà lókèèrè, a kò sì bẹ̀rẹ̀ ka orúkọ tí ó wà lẹ́sẹ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń múra ìwé ìrántí yìí, a mú àdá àti omi, a lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mélòó kan. A fọ òkúta kan títí orúkọ fi hàn. Èkejì kò hàn mọ́, bí ó ti wù kí a fi ìka tọ́ ọ tó. Ìyá arúgbó kan tí ń kọjá lọ sí oko ni ó dúró, tí ó sì sọ orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ fún wa láti orí. Bí ìyá náà kò bá kọjá ní àárọ̀ náà ńkọ́?

Nítorí náà a bẹ ìjọ, nínú ọdún ayẹyẹ yìí, pé kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkínní, kí a ṣán koríko náà kí a sì ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ sì gba oṣù tirẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Èkejì, kí a jókòó ti àwọn àgbà tí ó kù, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sùn síbẹ̀ sínú ìwé ìjọ, pẹ̀lú iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe, kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a tún àwọn òkúta náà gbẹ́, kí a sì kọ wọ́n ní Yorùbá tí ó péye, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ọmọ kékeré lè kà á láìsí olùkọ́. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ ọlá fún ẹni tí ó sùn lábẹ́ rẹ̀ àti fún Àjàyí Òṣogùn pẹ̀lú.

Àwọn tí yóò ṣe ayẹyẹ igba ọdún ìjọ yìí kò tíì di ẹni à ń bí. Ní ọjọ́ náà àwa pẹ̀lú yóò ti wà lẹ́yìn ilé ìsìn. Bí a ti ṣe fún àwọn tí ó ṣáájú wa ni àwọn náà yóò kọ́ láti ṣe fún wa. Kí Ọlọ́run tí ó mú Àjàyí ti ọjà ẹrú dé orí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù bùkún iṣẹ́ ọwọ́ ìjọ Ifẹ̀wàrà, kí ó sì mú gbogbo ẹ̀yin àlejò wa dé ilé ní àlàáfíà. Àmín.